Ilé Ogún Tó Ń Pa Owó Wọlé: Ẹ Pinnu Kí Ó Tó Di Ti Ọmọ-Ọmọ

Ní Mushin, ní Ṣómólú, ní Ẹ̀bùtè-Mẹ́ta, títí dé Òkè-Àdó àti Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, ó ṣòro kí èèyàn rin òpópónà mẹ́ta kó má rí ilé tí wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sí lára gàdàgbà pé kì í ṣe títà. Àlejò lè rò pé gbájúẹ̀ tó ń ta ilé onílé ni wọ́n fi ń lé, irú àwọn bẹ́ẹ̀ sì wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà púpọ̀, ọmọ inú ilé gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí: ẹ̀gbọ́n tó ti gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan láìsọ fún àwọn àbúrò, tàbí àbúrò tó mú oníbàárà wá wo ilé nígbà tí kò sẹ́ni nílé. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ ilé ogún dáadáa, tó bá rí ọ̀dà yẹn lára ògiri, ó ti mọ̀ pé àwọn tó ni ibẹ̀ kò tíì fẹnu kò.

Ìbéèrè tó máa ń dá ìpàdé ẹbí rú ni pé: ṣé ká tà á ni, àbí ká máa gba owó ilé rẹ̀ lọ? Mo rò pé ìbéèrè mìíràn ló yẹ kó ṣáájú: àwọn wo ló fẹ́ pinnu, ìgbà wo ni wọ́n sì fẹ́ pinnu? Ilé tí bàbá tàbí ìyá kọ́ láti máa fi háyà, àwọn ọmọ tí wọ́n bí nínú ara wọn nìkan ló lè parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìná owó púpọ̀, láìsì dé kóòtù. Kí wọ́n tà á o, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ o, èyí tí wọ́n bá mú lè dára. Èyí tí kò dára rárá ni kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tí ọ̀rọ̀ á fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ-ọmọ tí kò tilẹ̀ mọ ara wọn lójú.

Òfin ló fà á. Bí Yorùbá bá kú láìṣe ìwé ìhágún, tí ogún rẹ̀ sì wà lábẹ́ òfin ìbílẹ̀, ilé rẹ̀ di ilé ẹbí lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ṣègbéyàwó ní kóòtù, tàbí Mùsùlùmí tí ẹbí rẹ̀ gbà kí wọ́n pín in ní ìlànà ẹ̀sìn, ọ̀nà tiwọn yàtọ̀, mi ò ní wọ ibẹ̀. Ẹjọ́ Lewis àti Bankole tí wọ́n dá l'Ékòó ní 1908, lórí ogún ìdílé Mabinuori, ni àwọn lọ́yà ṣì ń tọ́ka sí títí dòní lórí ilé ẹbí. Ìlànà náà kò ṣòroó lóye. Kò sí ọmọ tó lè nàka sí yàrá kan pé tòun nìyí láti tà tàbí láti fi dúró gbèsè. Ẹni tó yá ọmọ kan lówó kò lè torí gbèsè náà gba ilé bàbá rẹ̀. Olórí ẹbí ló ń bójú tó o fún gbogbo wọn, bí wọ́n bá sì fẹ́ tà, òun àti àwọn àgbà tó ń ṣojú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí àwọn yòókù bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, títà náà kò dúró rárá. Bí olórí ẹbí bá dá a tà, àwọn tó kù lè lọ bá kóòtù kí ó fagi lé e, bí wọn kò bá jẹ́ kó pẹ́ jù. Òfin tó dáàbò bo ọmọ tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ ni, n kò bá a jà. Àmọ́ òun náà ló ti owó mọ́ inú ilé. Ọmọ tó ń wá owó iṣẹ́ abẹ kò lè ta ìpín tirẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò kò lè gbé e lọ sí bánkì. Ó ní ilé, kò sì ní in.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí àkókò ṣe ń lọ. Suberu Dawodu kú l'Ékòó láìṣe ìwé ìhágún, ó fi ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀ láti ọwọ́ ìyàwó mẹ́rin. Àríyànjiyàn wá dé: ṣé ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n máa pín ogún náà sí, ọ̀kan fún ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, àbí ọ̀nà mẹ́sàn-án, orí-ò-jorí? Adájọ́ àkọ́kọ́ fara mọ́ orí-ò-jorí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ú lọ yí i padà ní 1958, wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, àti pé ìgbà tí olórí ẹbí bá rí i pé orí-ò-jorí ló lè parí ìjà nìkan ni wọ́n lè lò ó. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà gun ọkọ̀ òkun lọ bá Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn yẹn sì fọwọ́ sí ti ìdí-igi ní 1962. Ọmọ mẹ́sàn-án tí bàbá kan náà bí, tí gbogbo wọn mọ ara wọn, ni ẹjọ́ náà dá lé o. Ká ní irú ọmọ mẹ́sàn-án bẹ́ẹ̀ bí mẹ́rin-mẹ́rin, ọmọ-ọmọ 36 ló máa jókòó lórí ilé kan náà. Òmíràn nínú wọn wà ní Peckham, òmíràn ní Houston, ọ̀kan ti ṣí lọ sí Kánò kò sì sẹ́ni tó ní nọ́ńbà rẹ̀ mọ́. Lọ́yà tó bá fẹ́ ra ilé fún oníbàárà rẹ̀ máa béèrè ìfọwọ́sí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọ̀pọ̀ títà ti ń fọ́ nìyẹn, ibẹ̀ náà ni àwọn tó ń ra ilé ní ẹ̀dínwó ti ń dúró de àwọn ẹbí tó ti sú.

Kí àwọn ọmọ tó jókòó pinnu, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣírò. Ó yà mí lẹ́nu bí ẹbí ṣe lè bá ara wọn jà fún ọdún mẹ́wàá lórí ilé tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì fi bírò àti ìwé ṣírò ohun tó ń mú wọlé. Ká fi ilé alájà kan ní Súrùlérè ṣe àpẹẹrẹ, fúláàtì mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń san mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ náírà lọ́dún. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́fà. Ayálégbé tó jẹ owó tàbí fúláàtì tó ṣófo fún oṣù mélòó kan á gbé 600,000 lọ. Ẹ̀jẹ́ǹtì tó ń bójú tó o á gba ìdá mẹ́wàá, 600,000 mìíràn. Òrùlé, ọ̀dà, páìpù, kòtò ìdọ̀tí tó kún: bí wọ́n bá tọ́jú ilé bó ṣe yẹ, mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ kò pọ̀ jù. Land Use Charge àti àwọn owó ìjọba yòókù, ká pè é ní 150,000. Ohun tó kù jẹ́ 3,150,000. Bí wọ́n bá pín in sí mẹ́sàn-án, 350,000 ló kan ọmọ kan lọ́dún. Bí ilé náà bá tó 150 mílíọ̀nù láti tà, tí owó ẹ̀jẹ́ǹtì, lọ́yà àti ìwé sì gbé ìdá mẹ́wàá lọ, mílíọ̀nù 15 ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èrè ọdún kan, tí wọ́n bá fi wé iye tí ilé tó, jẹ́ ìdá méjì àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Àpẹẹrẹ ni mo fi ṣe, kí ẹbí kọ̀ọ̀kan fi iye tiwọn rọ́pò rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n kíyè sí ni ìlà àtúnṣe. Ẹbí tó bá yọ ọ́ kúrò, tí wọ́n ń pín gbogbo owó ilé ní oṣù Kejìlá, wọ́n ti ń ta ilé náà díẹ̀díẹ̀, páànù kan lọ́dún yìí, ògiri kan lọ́dún tó ń bọ̀.

Ibi tí èyí máa ń já sí kì í ṣe ohun àfẹnusọ lásán. Ní oṣù Kẹta 2019, ilé alájà kan ní Ìta-Fàájì, ní Erékùṣù Èkó, tí ilé ìwé wà nínú rẹ̀, wó lulẹ̀, àwọn ọmọdé sì wà lára àwọn tó kú. Àwọn aláṣẹ sọ lẹ́yìn náà pé wọ́n ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé wíwó ló yẹ ẹ́. Nígbà tí ilé bá ti dàgbà dé ibi kan, àtúnṣe rẹ̀ kì í tún ṣe ohun tí wọ́n lè fi owó ilé oṣù mẹ́ta ṣe. Símẹ́ńtì tí àpò rẹ̀ kò tó 4,000 náírà ní 2020 kọjá 10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi níbẹ̀rẹ̀ 2024. Ayálégbé tó ti ń gbé fúláàtì láti ayé bàbá kò jẹ́ gbà kí owó ilé fò bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òfin ayálégbé Èkó ti 2011 sì fún un láyè láti pe onílé lẹ́jọ́ bí àfikún náà bá pọ̀ jù.

Àtakò tó lágbára jù lọ ni ti àwọn tó ń sọ pé owó ń tán, ilẹ̀ kì í tán. Mi ò lè fojú kéré rẹ̀, nítorí ohun tí ojú wa rí lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí gbè wọ́n lẹ́yìn. Kí oṣù Kẹfà 2023 tó dé, nǹkan bíi 460 náírà ni dọ́là kan ní ọjà ìjọba. Kí 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Ẹbí tó ta ilé ní 2022, tí wọ́n sì tọ́jú owó náírà náà sí bánkì, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá péré ló kù nínú agbára rẹ̀ bí wọ́n bá fi dọ́là wọ̀n ọ́n. Àní ẹni tó gbé e lọ sórí treasury bill ìjọba àpapọ̀, tó ń san ju ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún kan nínú 2024, ọ̀wọ́n ọjà ṣì ń sáré níwájú rẹ̀: iye tí ìjọba kéde fún oṣù Kejìlá ọdún náà jẹ́ 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, bí ìdáhùn sí "kí la fẹ́ fi owó náà ṣe?" bá jẹ́ "a ó pín in," ẹ má tà á. Ọmọ tí kò tíì mọ ohun tó fẹ́ fi ìpín tirẹ̀ rà kò tíì yẹ lẹ́ni tí ń fọwọ́ sí títà. Kì í sì í ṣe pé kí ó sáré gba ilẹ̀ ọ̀nà Mowé tàbí Ìkòròdú o; ẹni tó ta ilé tó ní ìwé láti lọ bá ọmọ onílẹ̀ dúnàádúrà ti fi ìṣòro kan pààrọ̀ òmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin tí Èkó ṣe ní 2016 ti sọ ìwà àwọn ajagungbalẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tó ń mú èèyàn dé ẹ̀wọ̀n.

Síbẹ̀, àtakò náà fo ohun kan dá. Ilẹ̀ ló ń gbówó lórí, ilé tó wà lórí rẹ̀ ń gbó. Owó tó sì ń gorí ilẹ̀ náà, ta ló lè nawọ́ kàn án? Bí iye ilé bá di ìlọ́po mẹ́ta láàárín ogún ọdún, tí àwọn tó pín in náà sì ti mẹ́sàn-án di 36, ìpín orí kọ̀ọ̀kan ti kéré sí ti àtijọ́. Ẹni tó dá ilé ní lè máa fọ̀kàn balẹ̀ wo ilẹ̀ rẹ̀ kó máa wọ́n. Àwọn tó ní in pọ̀, tí wọn ò sì lè tà á láìsí ara wọn, ìyẹn ni àkókò kì í ṣe ọ̀rẹ́ wọn.

Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ ìṣirò. Wọ́n ní ilé bàbá ẹni kì í ṣe ọjà, pé orúkọ á parẹ́. Mo rò pé wọ́n ń da ilé méjì pọ̀ ni. Ilé tí bàbá ń gbé, tí wọ́n ti ṣe ìkómọ àwọn ọmọ, tí sàréè rẹ̀ sì wà nínú ọgbà, ilé ìrántí ni, ó sì yẹ kí ẹbí forí ṣe fọrùn ṣe láti dá a sí. Oníbàárà gan-an kì í fẹ́ ra ilé tó ní sàréè. Ilé kejì tàbí ìkẹta tí bàbá kọ́ sí àdúgbò mìíràn, tó kún fún ayálégbé láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí i, òwò ló fi ṣe. Àwọn ìyá wa tó ń tà l'Ọ́jà Dùgbẹ̀ àti Balógun tí wọ́n fi èrè kọ́ ilé náà mọ èyí dáadáa: bí ọjà bá kú lọ́wọ́ wọn, wọ́n á pa á dà sí òmíràn. Ọmọ tó bá fi èrò òwò bójú tó ogún òwò kò tíì ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó ṣòro jù fún mi ni ti àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n tó ń gbé inú ọ̀kan nínú àwọn fúláàtì náà lọ́fẹ̀ẹ́, tí kò sì ní ibòmíràn. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìpàdé ti ń fi ẹkún parí. Lílé e jáde kò dára, kí gbogbo èèyàn sì máa ṣe bí ẹni pé kò gbé nǹkan kan náà kò dára. Kí wọ́n kọ iye tí fúláàtì náà ì bá pa wọlé sílẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́ nínú ìpín rẹ̀ lọ́dọọdún. Bí wọ́n bá tà á, kí wọ́n fi ìpín tirẹ̀ wá ibi tí yóò gbé kí wọ́n tó fún un ní owó lọ́wọ́. Ti àwọn tó wà lókè òkun rọrùn ju bí wọ́n ṣe ń rò ó lọ. Wọ́n sábà máa ń fẹ́ tà nítorí pé 350,000 náírà lọ́dún kò tó owó ọkọ̀ òfuurufú láti wá bèèrè fún un. Bí àwọn tó wà nílé bá rí owó kó jọ, kí wọ́n ra ìpín wọn, kí lọ́yà kọ ọ́, kí àwọn tó kù máa bá ilé lọ. Ẹnu mẹ́ta dára ju ẹnu mẹ́sàn-án lọ nínú ọ̀rọ̀ ilé.

Ìgbà wo ló wá yẹ kí wọ́n tọ́jú ilé? Ìgbà tí wọ́n bá lè ṣe ohun mẹ́ta láàárín ọdún kan lẹ́yìn ìsìnkú: kí wọ́n gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní kóòtù gíga lórúkọ àwọn tí gbogbo wọn yàn, kí owó ilé máa wọ àkáǹtì kan tí èèyàn méjì ó kéré tán ń fọwọ́ sí, dípò àpò àrẹ̀mọ, kí wọ́n sì ka ìṣirò ọdún náà síta fún gbogbo ẹbí. Bí ọdún bá yí po tí wọn kò lè ṣe èyí nígbà tí ojú òkú ṣì ń tì wọ́n, kí ni wọ́n rò pé ogún ọdún sí i máa tún ṣe? Kí wọ́n tà á nígbà tí ìfọwọ́sí mẹ́sàn-án ṣì pé. Kóòtù náà lágbára láti pàṣẹ kí wọ́n pín ilé ẹbí tàbí kí wọ́n tà á bí àwọn kan bá ń fi ẹ̀tọ́ du àwọn yòókù. Láti ìgbà ẹjọ́ Lopez ní 1924 l'Ékòó ni ìlànà yẹn ti wà. Àmọ́ ẹbí tó bá dé ibẹ̀, owó lọ́yà á ti jẹ nínú ilé kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà kan wà láàárín méjèèjì tí ó ń wọ́pọ̀ ní Yábàá, Súrùlérè àti Ẹ̀bùtè-Mẹ́ta báyìí. Ẹbí á mú ilẹ̀ wá, ọ̀gá tó ń kọ́lé fún títà á mú owó wá, wọ́n á wó ilé àtijọ́, wọ́n á kọ́ fúláàtì púpọ̀ sórí rẹ̀, wọ́n á sì pín in bí wọ́n ṣe jọ sọ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ọmọ kọ̀ọ̀kan lè jáde nínú rẹ̀ pẹ̀lú fúláàtì tó dá ní, tó ní ìwé tirẹ̀, tó lè tà, tó lè fi yáwó, tó lè há fún àwọn ọmọ tirẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ewu rẹ̀ sì tó ẹ̀rù ú bà. Ọ̀gá náà lè fi í sílẹ̀ dé àjà kejì kó sá lọ. Nítorí náà, kí ìwé ilẹ̀ má kúrò lọ́wọ́ ẹbí títí ilé á fi parí, kí nọ́ńbà fúláàtì tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan wà lákọsílẹ̀ kí wọ́n tó gbé katakata wọlé, kí àṣẹ ìkọ́lé ìjọba sì jáde lórí iye àjà tí wọ́n fẹ́ kọ́ gan-an.

Èyí tó wù kí wọ́n mú, àwọn ayálégbé wà nínú ilé, ẹbí sì máa ń gbàgbé wọn títí di ọjọ́ tí oníbàárà bá fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́. Ikú onílé kò pa àdéhùn ayálégbé, títà náà kò pa á; ẹni tó ra ilé ra àwọn tó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Lábẹ́ òfin 2011, tó kan gbogbo Èkó yàtọ̀ sí Apápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà, ayálégbé ọlọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà bí ìwé àdéhùn rẹ̀ kò bá sọ òmíràn, lẹ́yìn náà ìkìlọ̀ ọjọ́ méje, kí wọ́n tó lè gba kóòtù lọ. Ẹbí tó ti ṣèlérí ilé òfìfo fún oníbàárà ní oṣù Kejìlá ti gbọ́dọ̀ fún wọn níwèé kí oṣù Kẹfà tó wọlé. Kí wọ́n má sì gba owó ilé ọdún tuntun lọ́wọ́ ayálégbé kan ṣoṣo lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pinnu láti tà, nítorí pé rìsíìtì yẹn ni lọ́yà rẹ̀ máa kọ́kọ́ gbé síwájú adájọ́.